Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ ní Okaka

Tí wọ́n bá bi màmá mi pé iṣẹ́ wo lọmọ ẹ̀ ń ṣe, ó máa ń ronú díẹ̀, á wá ní, "Ó máa ń dúró ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́." Mi ò lè bá a jiyàn. Bíríkìlà ń mọlé, kápẹ́ńtà ń kan páànù, léébírà ń po símẹ́ńtì, èmi ń dúró. Orúkọ ńlá tí wọ́n fún ìdúró yẹn ni purojẹ́ẹ̀tì máníjà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, ẹ má wo ti màmá mi. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ pé símẹ́ńtì fẹ́ tán kó tó tán. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ rí i pé kápẹ́ńtà dé nígbà tí bíríkìlà bá ń palẹ̀ mọ́, kí ẹnì kan má jókòó máa retí ẹnì kejì. Tí gbogbo ẹ̀ bá lọ dáadáa, wọ́n á yin bíríkìlà. Tó bá dàrú, wọ́n á ní, "Máníjà dà?"

Pólì tó wà ní Ṣakí ni mo ti fẹ́ kọ́ ọ. Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ o, mi ò ní mo kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá lẹ èsì ìdánwò mọ́ ara ògiri, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa wá orúkọ wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí n má bàa fi ọrùn mi ṣòfò. Lọ́dún kejì, mo kúrò kí wọ́n tó lé mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe lásìkò níbẹ̀ nìyẹn. Làtí lorúkọ mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Injiníà Ààbọ̀ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa, kódà àwọn tí ò mọ ìwé kà.

Bàbá Ràṣídá ló gbà mí síṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ni, ó ń kọ́ ilé-ìwé, ó ń ṣe gọ́tà, ó ń gbẹ́ kànga kiri gbogbo Òkè-Ògùn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a jáde, mo rò pé ibi iṣẹ́ là ń lọ. Mo ti di bàtà mọ́ ẹsẹ̀ pinpin. A gbéra ní Ṣakí, ó dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó kí wọn, ó béèrè ara ìyá arúgbó kan, ó rẹ́rìn-ín, a tún gbéra. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ó sọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó sọ̀. Kò ra nǹkan kan, kò tọrọ nǹkan kan. Títí a fi dé Ìsẹ́yìn, mi ò rí búlọ́ọ̀kì kan ṣoṣo kí n fojú kàn án.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí la wá ṣe lọ́dọ̀ gbogbo wọn?"

"A wá kí wọn ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé wọ́n wà níbẹ̀."

Mo wo ọ̀nà, mo wo ọ̀gá, mo sọ nínú ara mi pé ẹni tó bá ń jó epo báyìí ò ní pẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn. Mo ṣì kéré sí ọgbọ́n nígbà yẹn. Mo ṣì kéré sí i báyìí náà, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé mo kéré sí i.

Bí mo ṣe bá a ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ nìyẹn. Ibi tí kò bá lè lọ, á rán mi. "Làtí, bàbá kápẹ́ńtà kan ò gbádùn ní Òkèhò, lọ kí i." "Làtí, wọ́n ń sọmọ lórúkọ ní Ìgbòho." Mo ti lọ sí ìsìnkú àwọn tí mi ò mọ̀ rí láyé wọn. Lọ́jọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀, mo fi ojú ọ̀fọ̀ kí gbogbo àwọn tó jókòó sábẹ́ igi kan pé Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Wọ́n ṣe àmín. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo mọ̀ pé ilé kejì lòkú wà, pé àwọn wọ̀nyí ń ta ayò lásán ni. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti ń nu ojú.

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé ìpàdé kan wà ní Ìbàdàn fún àwa máníjà, ká lè mọ ara wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe mímọ-ara-ẹni yẹn. Ó yà mí lẹ́nu, torí lọ́dọ̀ tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni nǹkan tí fóònù kì í ní tójò bá ṣú. Mo wọ kóòtù àbúrò bàbá mi lọ. Apá kóòtù náà gùn débi pé orí ìka mi nìkan làwọn èèyàn rí bọ̀. Mo gba nọ́ńbà níbẹ̀ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Ọ̀gá kápẹ́ńtà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àwọn ọmọọṣẹ́ ẹ̀ wọ irú ẹ̀wù kan náà, ó ní ibikíbi tí mo bá ti pe òun, òun á dé. Mo padà sí Ṣakí bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Mo ní, "Ọ̀gá, mo ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì o."

Bàbá Ràṣídá gba fóònù, ó wò ó títí. "Èwo nínú wọn lo mọ ilé ẹ̀?"

Mo gba fóònù mi padà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni iṣẹ́ Okaka dé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé gàrí, ibi tí wọ́n á ti máa rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n á ti máa yan án lábẹ́ òrùlé, torí inú oòrùn àti eruku ni wọ́n ti ń ṣe é láti ayébáyé. Ìyá Fàtímọ̀ ni olórí wọn. Ọkọ ẹ̀, Bàbá Fàtímọ̀, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló fún wọn nílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀. Búlọ́ọ̀kì alámọ̀ ni wọ́n ní ká fi mọ ọ́n, torí ó tutù, amọ̀ sì wà nílẹ̀. Ọ̀gá pè mí, ó ní, "Tìẹ nìyí. Mi ò ní yọjú síbẹ̀. Tó bá dúró, wàá gba òmíràn. Tó bá wó, màá ní mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo wo ojú ẹ̀. Kò ṣe àwàdà.

Ògiri dúró láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Páànù dé, igi òrùlé dé, wọ́n tiẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ wá, ó wà láàárín ilé, ojú ọ̀run ni àjà ẹ̀. Ó ku kápẹ́ńtà. Mo pe ọ̀gá kápẹ́ńtà mi ti Ìbàdàn, ẹlẹ́wù kan náà. Ó ní, "Máníjà wa! Ẹ má bínú, iṣẹ́ kan ló já lù wá l'Ékòó. Ẹ fún wa ní oṣù kan."

Oṣù kan! Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ lójú ọ̀run ń ṣú láti ìlà oòrùn. Atẹ́gùn á jà, á gbé eruku, á lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní kàn lọ. Ògiri alámọ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò bá bá láìní òrùlé, ọbẹ̀ ló máa dà. Àwọn obìnrin yẹn á padà sínú oòrùn, ẹ̀rọ wọn á jókòó sínú ẹrẹ̀, èmi á sì padà sí ìdí ògiri tí wọ́n máa ń lẹ èsì ìdánwò mọ́.

Ìyá Fàtímọ̀ wá wò mí láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Injiníà, ṣé òrùlé máa dé kí òjò tó dé ni, àbí kí n ti máa lọ wá agboorùn fún ògiri?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn tèmi ti wà nínú bàtà mi.

Nígbà náà ni mo rántí gbogbo nọ́ńbà tí mo ti gbà lójú ọ̀nà ìkíni-kiri ọ̀gá mi. Mo gbé fóònù, mo gba ohùn mi sílẹ̀ lórí Wásáàpù, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pátá. Mo ní: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, Làtí ni o. Mo bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé. Ilé Bàbá Fàtímọ̀ ní Okaka ni. Òrùlé la fẹ́ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kójú tì mí níwájú bàbá yẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lóko ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi, inú ìlú Ṣakí ni mo dàgbà sí, nítòsí gáréèjì. Ọkọ́ tí mo mọ̀, lórí igbá lọ́jà ni mo ti rí i. Lójú tèmi, ọ̀wẹ̀ ò ju "ẹ wá ràn mí lọ́wọ́" lọ. Mo ṣáà ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì dùn létí.

Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, inú gbogbo wọn ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Làtí! Ó ti dé bẹ́ẹ̀?" "Ìwọ náà ti ń gbọ́n!" Jìmọ́, kápẹ́ńtà kan ní Òkèhò, pè mí fúnra ẹ̀.

"Làtí, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó pupa ni àbí ó dúdú?"

Mo rò pé páànù ló ń bi mí. Mo ní, "Ó funfun ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ń dán gbinrin."

"Há! Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni?"

"Tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ̀? Ó nípọn dáadáa. Atẹ́gùn ò lè gbé e."

Jìmọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Ọlọ́run bá ẹ ṣe é, àbúrò mi. A ń bọ̀."

Àárọ̀ Sátidé, mo ń fọ eyín lọ́wọ́ ní ìta ilé Bàbá Fàtímọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ọ̀kan kọ́, méjì kọ́. Wọ́n tò wá lójú ọ̀nà bí èèrà, ọkọ̀ akóṣu kan tẹ̀ lé wọn, èèyàn kún ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú àkàbà àti òòlù. Wọ́n wá láti Òkèhò, láti Ìsẹ́yìn, láti Ṣakí. Bàbá Fàtímọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń run orín. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ kí mi nínú wọn. Iwájú bàbá ni wọ́n lọ, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀.

Jìmọ́ ni agbẹnusọ. "Bàbá, ẹ kú ilé o. Àwa lẹ̀gbọ́n ọkọ. A wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna wa."

Bàbá yọ orín lẹ́nu. "Ọkọ ta ni?"

Gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Èmi náà wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ẹni tó bá bẹ̀ ọ̀wẹ̀ sílé bàbá ọlọ́mọge, tó tún dárúkọ òrùlé, àna ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ sìn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọkùnrin á kó àwọn èèyàn ẹ̀ lẹ́yìn lọ ro oko àna, tàbí lọ bo ilé ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí kò lẹ́nìkan ló fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Èmi ti sọ fún gbogbo Òkè-Ògùn pé mo fẹ́ fẹ́ Fàtímọ̀. Mo tún ti sọ pé ó nípọn.

Bàbá pe ọmọ ẹ̀. Fàtímọ̀ jáde, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ẹ̀, torí aránṣọ ni.

"Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Òun ló máa ń dúró ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ó bá ẹ sọ nǹkan kan?"

"Ó ní kí n bá òun dín ṣòkòtò kù. Mi ò tíì dín in."

Àwọn èèyàn mi ti ń wo ara wọn. Jìmọ́ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Làtí, mo fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ wá. Gbogbo wa la fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó la bá wá, àbí kí la bá wá?"

Mo gbójú sókè. Láti ìlà oòrùn, ìkùukùu kan ti ń gun ara ẹ̀ lórí, ó dúdú nísàlẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, tí mo kàn rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó, wọ́n á gun orí ilé, iṣẹ́ á parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ ìyàwó, a lè tú u ká tó bá di ọjọ́ mìíràn. Ẹ ò mọ̀ bí irọ́ yẹn ṣe dùn mọ́ mi lẹ́nu tó. Àmọ́ Fàtímọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń wò mí. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó ń wọn aṣọ tó mọ̀ pé kò ní tó. Èmi máa kó irinṣẹ́ mi lọ. Òun ló máa kù sí Okaka tí gbogbo ìlú á máa bi í pé ọkọ ẹ̀ dà.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá fẹ́ ọmọ yín. Mi ò mọ ìtumọ̀ ọ̀wẹ̀ ni. Ìrànlọ́wọ́ ni mo ń wá. Kì í ṣe pé nǹkan kan ṣe ọmọ yín o! Ọmọ yín dáa. Ẹnikẹ́ni tó bá ríran..."

Fàtímọ̀ ní, "Bàbá, ẹ ní kó dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn. Tó bá yìn mí sí i, mi ò ní rí ọkọ fẹ́ mọ́."

Bí ẹ̀rín ṣe bẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń bínú tẹ́lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ sórí ọ̀kadà sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi ṣì wà nílẹ̀, yẹ̀pẹ̀ wà nímú mi. Jìmọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, ta ló wá láti Ṣakí wá kí i? Ọmọ tí kò mọ ọ̀wẹ̀ yìí ni. Ó jókòó ti bàbá di ìrọ̀lẹ́, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi ò padà lọ o."

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ọ̀gá ló rán mi. Ohun tó mú mi jókòó di ìrọ̀lẹ́ ni pé táyà ọ̀kadà mi jò. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé àkókò àlàyé nìyẹn. Ẹlòmíì ní èmi ló wá síbi ìsọmọlórúkọ àwọn. Ẹlòmíì láti Ìsẹ́yìn ní, "Òun ló kí wa kú ọ̀fọ̀ níbi tá a ti ń ta ayò. Mi ò tíì rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀."

Bàbá Fàtímọ̀ gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ó ti orín bọnu, ó tún yọ ọ́. "Dìde. Ohun tí o ń wá lórúkọ, kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Àáró ni. Ẹni bá ṣiṣẹ́ fún ẹ lónìí, wàá lọ ṣe tiẹ̀ lọ́la. Ó lè má jẹ́ irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni ọjọ́ kan. Ṣé apá ẹ á ká a?"

Mo wo èrò yẹn. Mo wo apá mi. "Á ká a, Bàbá."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Jìmọ́ ní. "Èmi, ebè ni màá fi gba tèmi." Òmíì ní òun ń kọ́ ilé ewúrẹ́. Òmíì ní òun ní ẹ̀gẹ́ tí òun fẹ́ hú. Ahunṣọ kan láti Ìsẹ́yìn ní kí n wá bá òun na òwú tí òun fẹ́ hun, ni gbogbo wọn bá pariwo pé rárá, kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má lọ ba aṣọ aláṣọ jẹ́.

Wọ́n gun orí ilé. Jìmọ́ ń pàṣẹ lókè, àwọn kan ń gbé igi sókè láti ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin ń gbé omi àti iyán wá, torí Ìyá Fàtímọ̀ ní ebi ò gbọdọ̀ pa àna òun, ì báà jẹ́ àna èké. Láyé mi, mi ò rí ibi tí iṣẹ́ ti yá báyẹn rí. Èmi náà ń ṣe iṣẹ́ tèmi: ẹni tó ń wá ìṣó, ìṣó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó fẹ́ jókòó, mo ti rí i.

Ó ku ìlà páànù tó gbẹ̀yìn nígbà tí atẹ́gùn dé. Ó gbé páànù kan nílẹ̀, ó ń fì í bí abẹ̀bẹ̀. Jìmọ́ kígbe pé kí ẹnì kan gun òkè wá tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀. Mo gun àkàbà. Mo dùbúlẹ̀ lé páànù lórí, mo na tọwọ́ tẹsẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé kíkọ́, ìyẹn ló bá ẹ̀bùn mi mu jù. Jìmọ́ ń kan ìṣó yí mi ká, gbà, gbà, gbà, bí ẹni ń kan ìdérí pósí.

"Má mira o, Injiníà!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kàn mí mọ́ ọn o!"

Ìkán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa sá wọ abẹ́ òrùlé náà, a fún ara wa pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ gàrí, òjò ń lù ú lókè débi pé a ò gbọ́ ara wa. Mo ń wo ara ògiri yíká. Ó gbẹ. Mo tún lọ fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ. Ìyá Fàtímọ̀ náà fọwọ́ kàn án, ó wá fi ọwọ́ náà lù mí lẹ́yìn, ó ń sọ nǹkan tí mi ò gbọ́. Lójú ẹ̀, ó jọ àdúrà.

Nígbà tí òjò dá, Bàbá Ràṣídá pè mí. Ìròyìn ti dé Ṣakí ṣáájú mi. Ó ní, "Ṣé ilé dúró?" Mo ní ó dúró. Ó ní, "Ìyàwó ńkọ́?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ó dáa. Ọ̀kan tó."

Àáró yẹn ni mo ti ń san látìgbà náà. Mo ti hú ẹ̀gẹ́. Mo ti kọ́ ilé ewúrẹ́, ewúrẹ́ sì ti jáde nínú ẹ̀. Fàtímọ̀ bá mi dín ṣòkòtò kù lóòótọ́, ó dín in dé orúnkún. Ó ní ọkọ tí kò fẹ́ ìyàwó, kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣòkòtò gígùn ṣe. Òun gan-an ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú kí n tó lọ sí Òkèhò, kí n má bàa dójú ti Okaka.

Ọ̀dọ̀ Jìmọ́ ni mo wà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwa bíi mélòó kan la jọ ń kọ ebè. Tèmi rí wọ́gọwọ̀gọ. Jìmọ́ dúró lórí ẹ̀, ó ní, "Làtí, ebè rẹ yìí, iṣu tó bá wọ inú ẹ̀ máa tọrọ gáfárà." Bàbá kan tó ń kọ tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mi ò mọ̀ rí, rẹ́rìn-ín, ó bi í pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an, torí kò dájú pé iṣẹ́ oko ni.

Jìmọ́ ní, "Máníjà ni. Tó bá pè yín, ẹ lọ. Á wá san án."

Bàbá yẹn fi ọkọ́ ti ara, ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní àwọn oníṣu Òkèhò fẹ́ kọ́ ilé ìkóṣupamọ́ kan, ńlá, pé ilẹ̀ ẹ̀ ò jìnnà, pé ṣé mo lè bá òun dé ibẹ̀ báyìí kí n wò ó.

Mo ní kó dúró dè mí díẹ̀, kí n parí poro mi ná.